Búrẹ́dì Tí Bàbá Mi Kò Jẹ

Bí inú bá ń bí ìyá àgbà, ìyẹ̀fun búrẹ́dì ló máa ń lù. Títí di òní ni mò ń gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì, lórí pákó tó gbé lé odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ́yìnkùlé wa nítòsí Datcha, lọ́nà Atakpamé. Ẹmu ọ̀pẹ ló fi ń mú ìyẹ̀fun náà wú, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé wa a máa rùn bí ẹnu ọkùnrin tó ti oko dé lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló ń bí ìyá àgbà nínú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Búrẹ́dì lásán ni ẹ̀yin ń jẹ níbi tiyín. Níbi tiwa, bí fadá bá ti gbàdúrà sí i, kì í ṣe búrẹ́dì mọ́. Olúwa fúnra rẹ̀ ni."

Gbì.

"Àwọn tiyín náà ò sọ pé Olúwa ni. Wọ́n ní àmì ni, wọ́n ní ìrántí ni. Ẹ bi tíṣà yín léèrè."

Gbì, gbì.

"Ta lò ń pe búrẹ́dì rẹ̀ ní lásán?" Ìyá àgbà kò gbójú sókè. "Ìwọ tó jẹ́ pé òun ni o fi eyín àkọ́kọ́ rẹ jẹ?"

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó wọlé lọ. Ìyá àgbà yí ìyẹ̀fun náà padà, ó tún gbá a mọ́lẹ̀. Inú mi a máa dùn sí i nígbà náà bí inú bá ń bí i, torí búrẹ́dì ọjọ́ ìbínú rẹ̀ ló máa ń fúyẹ́ jù.

Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa ni ìyá àgbà ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ìyàwó pásítọ̀ òyìnbó kan ló kọ́ ọ bí a ti ń ṣe búrẹ́dì, ohun tí àwa ń pè ní kpọ́nọ̀ bí àwọn ẹ̀yà Ewe ti ń pè é, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń fi amọ̀ mọ ààrò rẹ̀. Nígbà tí ogun lé àwọn Jámánì lọ tí Faransé gba ilẹ̀, ààrò náà kò bá wọn lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa, ìyá àgbà ló ń ṣe búrẹ́dì rẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà a bá ọkọ̀ ojú irin dé Agbonou, òun a sì lọ gbé e. Bí búrẹ́dì bá jinná, òun a fi aṣọ funfun bò ó, a gbé e rù, a máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n a dá ìyókù padà fún un, torí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tó bá ṣẹ́ kù, búrẹ́dì náà ni. Ìyá àgbà a pín in fún gbogbo agbo ilé. A fún bàbá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹni tó ń bọ òrìṣà àwọn bàbá rẹ̀ tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Òun a sì bu ti bàbá mi sínú igbá olómorí.

Bàbá mi kì í jẹ ẹ́. Ó ti di katikíìsì fún àwọn Àgùdà; òun ló ń kọ́ àwa ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìsìn, òun ló sì ń ran fadá lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ ní Atakpamé. Ó máa ń jẹ iṣu ìyá rẹ̀, ó máa ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti orí tábìlì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì bọ̀, ó ní wọ́n ń fi Olúwa ṣẹ̀sín ni, òun ò ní fi kan ẹnu. Igbá náà a wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣe díẹ̀, búrẹ́dì a gan, ìyá àgbà a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, a jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn ń fẹ́ nìyẹn: kí ọmọ tí ó bí tún gba búrẹ́dì lọ́wọ́ òun, kí ó jẹ ẹ́. Kì í ṣe ohun tó ga ju apá lọ.

Ìyá mi ti kú, ọwọ́ ìyá àgbà ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi ni mò ń lọ. Nígbà tó tó àkókò tí èmi náà máa gba kọminiọ̀n àkọ́kọ́, búrẹ́dì Olúwa ti àwọn Àgùdà, ìyá àgbà kò bá bàbá mi jà rárá. Ó gbọ́n aṣọ funfun mi, ó nà án, ó fi òróró àgbọn pa irun mi lára kó tó dì í. Ó kàn ní, "Èmi náà á bá a lọ."

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yé ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ àṣà ilé wa. Bí a bá mú ọmọ dé ilé tí kò dé rí, ọmọ kì í ṣíwájú jẹun níbẹ̀. Àgbà tó mú un lọ ló ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò, kí àwọn onílé lè mọ̀ pé ọmọ náà ní ẹni lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà lọ sílé ọkọ ní Moretan, ìṣojú mi ló ṣe. Ìyá àgbà bu òkèlè iyán kan, ó gbé e mì, ó wo àwọn àna lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá ti àwo síwájú ìyàwó. Kò sí ẹni tó bínú. Ńṣe ni wọ́n ń kí i pé ó káre.

A gbéra ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ àárọ̀. Fadá ti pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu, omi pàápàá, títí a ó fi gba Olúwa.

"Irú ìpè wo nìyí?" ìyá àgbà ń wí bí a ti ń gun òkè lọ, tí òkúta ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. "Wọ́n pe ọmọ síbi oúnjẹ, wọ́n ní kí ebi kọ́kọ́ pa á."

Síbẹ̀ òun náà kò jẹ nǹkan kan. Ó fi kókó rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná fún àwọn ará ilé. Mo ní kí ó jẹun, pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ní gbogbo ọ̀nà, ebi ń pa àwa méjèèjì, bàbá mi sì ń rìn lọ níwájú, ó ń ka àdúrà Látìnì rẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì gbóná. Èéfín tùràrí dà pọ̀ mọ́ òógùn àti òróró orí. Wọ́n ń kọrin ní Látìnì, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú àwa tí a ń kọ ọ́. Nígbà tó kàn wá, a jáde, a kúnlẹ̀ nídìí igi gbọọrọ tó pààlà láàárín àwa àti pẹpẹ. Bàbá mi ń bá fadá bọ̀, ó wọ aṣọ funfun lé aṣọ dúdú, ó mú àwo wúrà pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Àwo yẹn ni wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kí ẹyọ èérún kan má bàa bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ti kọ́ wa pé èérún tó kéré jù lọ pàápàá, odindi Olúwa ni.

Mo gbọ́ òórùn èéfín igi àti ẹmu kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá àgbà ti wá kúnlẹ̀ sápá ibi tí fadá ń gbà bọ̀, kí ó lè kàn án ṣáájú mi. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ mi mú, ó la ẹnu.

Fadá dé iwájú rẹ̀, ó mú ara Olúwa sókè. Àwo náà wọ abẹ́ àgbọ̀n ìyá àgbà. Ìgbà náà ni bàbá mi tó wo ojú ẹni tó ń gbé àwo fún.

Ó fa àwo náà sẹ́yìn.

Ó sọ gbólóhùn kan ní Faransé sí fadá létí. Mo gbọ́ ọ, torí mo ti ń lọ ilé ìwé wọn: obìnrin yìí kì í ṣe ara wa. Fadá rọra mi orí, ó fò ó, ó sún kàn mí. Àwo tó kúrò lábẹ́ àgbọ̀n ìyá bàbá mi ló bọ́ sábẹ́ tèmi. Mo la ẹnu, wọ́n fi sí i, ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi. Nígbà tí mo yíjú wo ìyá àgbà, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ àlàyé. Mo mọ̀ pé òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo mọ̀ pé fadá òyìnbó náà kò ṣe é láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni. Mi ò bá fadá jà. Bàbá mi ni mò ń bá jà. Ilé kan náà la jọ jí, ọ̀nà kan náà la jọ rìn. Ó mọ àṣà tọ́-ọ-wò náà ju èmi lọ, torí ìyá rẹ̀ ti tọ́ oúnjẹ wò fún òun náà rí. Bí kò bá tiẹ̀ ro tẹ́lẹ̀ pé ìyá òun lè kúnlẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fọwọ́ kàn án léjìká, kó sọ fún un ní Ifẹ̀, èdè ilé wa, pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Gbólóhùn kúkúrú ni. Ó fa àwo ni.

Èmi àti ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ra àkàrà fún mi lẹ́bàá ọ̀nà, òun kò jẹ.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" ó bi mí.

"Kò dùn, kò korò. Ó dà bí ìwé."

Ó rẹ́rìn-ín kan, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. "Èyí náà ni bàbá rẹ torí rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi?"

Nígbà tí bàbá mi dé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìyá òun ì bá dá ká ní ó gbà á, pé ńṣe ni òun gbà á sílẹ̀.

"O gbà mí?" Ìyá àgbà dìde. "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ tí ọmú mi gbẹ, èmi ni mò ń jẹ iṣu kúnná tí mò ń fi sí ọ lẹ́nu. Ta ló fa àwo lọ́jọ́ náà? O ní Olúwa fúnra rẹ̀ ló wà nínú ohun tẹ́ ẹ ń jẹ. Ṣé òun ló wá sọ fún ọ pé òun ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi?"

Bàbá mi wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ funfun mi, mo sì ń gbàdúrà pé kí ìyá àgbà gbá a létí. Kò gbá a.

Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ì bá sàn. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì gbọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì tán tí tíṣà wọn àti alàgbà ìjọ kan fi wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa. Ìyá àgbà fún wọn lómi, wọ́n mu. Alàgbà náà nu ẹnu, ó ní àwọn gbọ́ pé ìyá lọ kúnlẹ̀ fún búrẹ́dì àwọn Àgùdà. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn ti sọ àmì di Ọlọ́run, wọ́n ń forí balẹ̀ fún un, ẹni tó bá sì bá wọn kúnlẹ̀ ti bá wọn bọ ère. Nítorí náà, kí ìyá má ṣe wá sídìí tábìlì Olúwa títí ìjọ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹlòmíràn ni yóò sì máa ṣe búrẹ́dì.

Ìyá àgbà gba igbá omi lọ́wọ́ wọn kó tó fọhùn.

"Ẹ ní ìrántí ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé ẹ lè gba ìrántí lọ́wọ́ ẹni?"

Ìyá àgbà da ìyókù omi náà sílẹ̀.

"Ọdọọdún lẹ ń sọ fún mi pé àmì ni, pé búrẹ́dì ni, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí lẹ wá fi ń lé mi? Àwọn ń fi Látìnì jẹ ẹ́ lórí òkè, ẹ̀yin ń fi èdè Ewe jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi Ifẹ̀ pè mí pé, wá jẹun."

"Ìyá, ẹ má bínú," tíṣà wí.

"Èmi á bínú," ìyá àgbà wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo jogún. Àwọn tó ní Ọlọ́run ni búrẹ́dì náà fi na ìyá àgbà, àwọn tó ní àmì ni náà fi nà án. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ohun tó jẹ́, wọ́n fi ẹnu kò lórí ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi Oúnjẹ Olúwa tún dé, ìyá àgbà ti po ìyẹ̀fun láti àná rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbọ́ gbì, gbì, mo rò pé ó gbàgbé ni. Kò gbàgbé. Ó dáná sínú ààrò, ó gbá eérú rẹ̀ kúrò, ó to búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí agogo àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń dún, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lágbàlá, ó ní kí n lọ pe ẹni tí mo bá rí. Mo pe àwọn ọmọ ilé. Mo pe àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Bàbá arúgbó olórìṣà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ òórùn, ó ti ń bọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá àgbà kò gbàdúrà gígùn. Ó bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò lójú gbogbo wa, ó gbé e mì. Ó wá ń bù ú fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Wá jẹun." Ó gbóná, èéfín ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tí mo ń gbọ́ kò ju dídún ẹnu lọ, àti adìyẹ tó ń ṣa èérún lẹ́sẹ̀ wa tí ẹnikẹ́ni kò lé.

Àsìkò náà ni bàbá mi ti Atakpamé dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé àdúrà lábẹ́ apá. Ìyá àgbà bu ibi tó wú jù lára búrẹ́dì náà, ó na ọwọ́ sí i.

"Wá jẹun."

"Ìyá, mi ò lè jẹ ẹ́."

"Kò ti ṣọ́ọ̀ṣì kankan wá. Mi ò ní Olúwa ni. Mi ò ní ìrántí ni. Mo ní búrẹ́dì ni, èmi ni mo ṣe é. Jẹ."

Bàbá mi wo gbogbo wa. Ó wo bàbá olórìṣà, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. Mo rí i pé ó ń fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tiẹ̀ wọ àgbàlá.

"Katikíìsì ni mí, Ìyá," ó wí. "Àwọn ènìyàn ń wò mí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó wọ yàrá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà ṣì wà ní nínà. Ó pẹ́ kó tó fà á padà. Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì náà sínú igbá olómorí, ó dé e.

Ìyá àgbà kò rí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó kú, ìjọ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kò tíì jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò lu agogo. Àwọn Àgùdà kò lu agogo. Bàbá olórìṣà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló bá wa gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá mi náà gbẹ́ ilẹ̀, omijé ń bọ́ sórí ọkọ́ rẹ̀. Mo wò ó, àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, ilé mi ló wà. Àgùdà ni mí di òní, mi ò kúrò níbẹ̀, torí mi ò rí ibòmíràn tí wọn kò ti fo ìyá àgbà. Fadá, ọmọ ìlú wa ni nísinsìnyí, gbé ara Olúwa wá fún un lórí ibùsùn. Kò mú olùrànlọ́wọ́ wá, ó ní kí n bá òun gbé àwo sábẹ́ àgbọ̀n bàbá. Mo gbé e. Bàbá mi la ẹnu, ó sì gbójú sókè wò mí, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀ bí ojú ọmọdé. Mo mọ ohun tó ń rò. Mi ò fa àwo náà.

Fadá lọ, ó ku èmi àti bàbá mi títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ṣé o ṣì mọ bó ṣe ń ṣe búrẹ́dì yẹn?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Ṣe díẹ̀ fún mi."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Mo fẹ́ bi í léèrè pé àwọn ènìyàn tó ń wò ó nígbà náà dà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rán wọn lọ ra ẹmu, mo da ìyẹ̀fun sórí pákó, mo sì lù ú bí ẹni ń lu olè. Ẹmu kì í kánjú. Ìyẹ̀fun náà wú títí di ọjọ́ kejì, ó wú dáadáa, ó sì ṣì wà nínú ààrò nígbà tí wọ́n wá pè mí pé bàbá mi ti lọ.

Mi ò jẹ́ kí ó jóná. Mo gbé e jáde, mo tọ́ ọ wò, mo bù ú fún àwọn tó wá kẹ́dùn: Àgùdà, Pùròtẹ́sítáǹtì, ọmọ bàbá olórìṣà. Wọ́n jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni. Mo bu ti bàbá mi sínú igbá, mo dé e, títí ó fi gan. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo jẹ ẹ́.

Mo ṣì ń ṣe búrẹ́dì náà. Àwọn ọmọ mi ní ó fúyẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo ń fi sí i. Mo ń sọ fún wọn pé ẹmu ni.